Èémí Ni Ẹ̀bùn Àkọ́kọ́: Èéfín Ìlú àti Ìlera Wa

  

Èémí ni Olódùmarè kọ́kọ́ fún ọmọ ènìyàn; òun náà ni à ń gbà padà nígbẹ̀yìn. Nítorí náà ni a fi ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ń ba èémí jẹ́. Ajue kò jìnnà sí Ore, oríta ńlá tí ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru. Èéfín tírélà, ti jẹnẹrétọ̀, ti igi ìdáná, ti ààtàn àti ti èérún igi tí a ń sun nídìí ẹ̀rọ ìlagi ń pàdé nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Bí ọyẹ́ bá dé, tí èéfín igbó sísun sì kún un, ó túbọ̀ ń le.

Lẹ́búlẹ́bú kan wà nínú èéfín yìí tí ojú kò lè rí. Fọ́nrán irun orí kan fi nǹkan bí ìlọ́po 30 nípọn jù ú lọ. Irun imú kò lè dá a dúró; inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, a sì máa ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. A máa ṣí ọ̀nà fún òtútù àyà lára ọmọdé, a máa ru ikọ́ sémìísémìí sókè, a sì máa fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ lára àgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 7 mílíọ̀nù ènìyàn ni afẹ́fẹ́ àìmọ́ ń pa ní ikú àìtọ́jọ́ lọ́dọọdún. Báńkì Àgbáyé ṣírò ti Èkó nìkan fún ọdún 2018: 11,200 ènìyàn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló ju ìdajì wọn lọ.

Kí ló kan awo níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ oníkọ́ ló ń kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa. A ó dá Ifá, a ó já ewé. Ṣùgbọ́n bí a kò bá bèèrè ibi tí ọmọ náà ń sùn, a lè máa wá ọ̀tá kiri nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lójú fèrèsé. Àgbo tí a mu láàárọ̀ kò lè borí èéfín tí a ó fà símú lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè nípa èéfín di ara ìwádìí wa. Ọmọ tó bá ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, ẹ má dá a dúró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ifá kò fi wá sílẹ̀ láìní ẹbọ. Ẹbọ tiwa nìyí: kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, kí a fi igi gbígbẹ dáná níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí a yé sun ọ̀rá àti ààtàn, kí a kó èérún igi fún àwọn olósìn adìyẹ dípò kí a sun ún, kí a gbin igi padà, nítorí igi náà ni ilé ewé wa.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà. Èyí tó ń rú lórí ìlú wa, ìwà wa ló ń fi hàn. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe.

Ẹbọ á fín, ẹbọ á dà o. Àṣẹ.