Owó Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Owó Olúkúlùkù

 

Nígbà tí a ń dáwó ní ọdún tí ó kọjá, opó kan láàárín wa kò rí tirẹ̀ san. A ní: "Ẹgbẹ́ wa lówó, ọmọ ẹgbẹ́ sì ni, ahun ni ó ń ṣe." Ìyá náà kò wá sí ìpàdé mọ́. Àwa ni a ṣì í.

Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa odindi lè má jẹ́ òtítọ́ nípa apá kan rẹ̀. Kí a tó dá Ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Benin wà. Kòkó ni ó sọ Ìwọ̀-Oòrùn di ọlọ́rọ̀. Síbẹ̀, rọ́bà àti igi gẹdú ni a mọ ìhín mọ́. Ẹni tí ó bá fi owó kòkó díwọ̀n àgbẹ̀ Benin, ó ti ṣìnà.

Báwo ni a ó ṣe máa dá àṣìṣe yìí mọ̀? Ẹ wo agbọ̀n ọsàn. Agbọ̀n wúwo, ṣùgbọ́n ọsàn kan kò wúwo, nítorí àkójọ ni ó mú ìwúwo wá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọsàn náà bá pọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó pọ́n. Kí a máa bi ara wa pé: ṣé àkójọ ni ó mú un wá, àbí ó wà lára olúkúlùkù?

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ìka kan kò lè ṣe é. Àpò ẹgbẹ́ kún nítorí pé a pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ bẹ ìyá wa kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé.