Lẹ́tà Wa Nínú Kọ̀ǹpútà: Iṣẹ́ Ọwọ́ Ara Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Gbọ̀ngàn Màpó, Ìbàdàn

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Unicode ló ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Locale ni fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà, ní èdè kọ̀ọ̀kan, ohun tó jẹ́ lẹ́tà, ohun tó jẹ́ àmì lásán, àti èyí tó ṣíwájú nínú àtòkọ. Tiwa wà: yo_NG.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń fa ọ̀rọ̀ Unicode yìí. Wọ́n ní Unicode rẹ́ wa jẹ: ẹ ní nọ́ńbà, ọ ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní, àfi ká fi àmì ohùn lé e lórí, òun náà pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n ní ṣebí àwọn ará Vietnam gba tiwọn. Òótọ́ ni. Kódà, àárín àwọn lẹ́tà tí wọ́n tò fún Vietnam ni ẹ àti ọ wa wà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a bá ti lè fi ohun tó wà nílẹ̀ kọ, Unicode kò ní fún un ní nọ́ńbà tuntun mọ́, kí ìwé àtẹ̀yìnwá má baà dàrú.

Ẹ wo Ọ̀yọ́. Lẹ́tà 3 ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 5 ló kéré jù tí a lè fi kọ ọ́; bí a bá fi àmì ohùn lé ọ lórí, báìtì 11 ni ní UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà wọ̀nyí. Ìbàdàn ní lẹ́tà 6, nọ́ńbà 6, báìtì 9. Fọ́ọ̀mù tó bá ní lẹ́tà nìkan lòun fẹ́ lè gba Ìbàdàn, kó kọ Ọ̀yọ́, torí kò ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Ẹnìkan tún lè fi àmì tóótó sábẹ́ o, kí ẹlòmíì fa ìlà kékeré sí i bíi ti ìwé àtijọ́. Ojú wa rí ọ̀rọ̀ kan. Kọ̀ǹpútà rí méjì. Ṣé nọ́ńbà tuntun ló máa tún èyí ṣe? Rárá o! Ọ̀nà mìíràn ni yóò tún fi kún un. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Nígbà èwe mi, àwọn atẹ̀wé ní àdúgbò Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn á fi táípù tẹ ìwé tán, wọ́n á mú báírò, wọ́n á fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí àmì wà lórí fóònù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì ń kọ orúkọ ara yín láìfi àmì kankan sí i. Kò dáa.

Ní ti àtòkọ tí locale ń tò: lẹ́tà kan ni gb, ẹ̀yìn g ló sì wà. Nínú orúkọ àdúgbò Ìbàdàn, Agodi ló yẹ kó ṣíwájú Agbẹni. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì á yí i padà.

Àmì tó wà láàárín Ọjà'ba, orúkọ ọjà kan n'Ìbàdàn, ńkọ́? Ètò kọ̀ǹpútà tó bá kà á sí ìparí ọ̀rọ̀ á pín ọjà náà sí méjì.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ɛ àti ɔ ni àwọn Yorùbá ń kọ dípò ẹ àti ọ. Locale yo_BJ sì wà fún tiwọn.

Ní Ìbàdàn yìí ni Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, ti ṣiṣẹ́ lórí àkọtọ́ wa. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ó kù ká kọ ìpinnu àwọn àgbà sínú fáìlì. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè àti ẹ̀yin onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ jókòó pọ̀, ẹ ka yo_NG láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn, kí ẹ fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é.