Àlejò Tí Ó Fi Ẹsẹ̀ Wọ Adó

Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá a máa gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, a sì tún ṣíkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Nígbà tí a ṣí èbúté tuntun ti Falmouth ní Jàmáíkà ní 2011, inú ọgbà èbúté gan-an ni a kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù sí. Ọkọ̀ kan lè kó èrò tí ó lé ní 5,000 wá. Ẹni tí kò bá jáde kúrò nínú ọgbà náà lè ra fìlà, kí ó mu ọtí, kí ó sì padà sínú ọkọ̀ láìbá ọmọ Falmouth sọ ju iye owó ọjà lọ.

Adó-Èkìtì kò súnmọ́ òkun, ṣùgbọ́n irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ń ti Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ wá síbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Mọ́tò á já wọn sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọn á jẹ iyán, wọn á gba ike àti tówẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ṣe ìrántí òkú, mọ́tò á sì tún gbé wọn lọ. Wọ́n dé Adó, wọn kò rí Adó.

Ẹsẹ̀ ni àwọn òṣómàáló fi mọ Èkìtì. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Wọn a máa ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọn a tà á ní àwìn, wọn a sì lóṣòó ti oníbàárà títí yóò fi san owó; ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ẹni tí yóò gba gbèsè lọ́wọ́ ènìyàn kò lè ṣàìmọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, àti ọjọ́ tí ọjà ìlú rẹ̀ ń ná. Àlejò òde òní kò ní gbèsè tí yóò gbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Kí ó sọ̀kalẹ̀ ní Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Ewì. Kí ó kí àwọn ìyá aláta ní "ẹ kú ọjà" kí ó tó bi wọ́n ní ohunkóhun. Ìkíni kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ní Èkìtì. Ẹni tí kò tíì kí ènìyàn kò tíì dé. Bí ó bá dẹ etí sílẹ̀, yóò gbọ́ "ulé" níbi tí ìwé ti kọ́ ọ ní "ilé", yóò sì gbọ́ "ugi" dípò "igi". Bí ó bá bèèrè ìdí tí a fi ń pe ọdún ìlú, tí ó ń bọ́ sí oṣù Kẹjọ, ní Ùdírókò, àgbà kan yóò sọ fún un pé ìdí ìrókò ni, níbi tí àwọn ará ìṣáájú ti ń péjọ. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, ìtàn ìlú sì jáde lára rẹ̀. Ojú fèrèsé mọ́tò kọ́ ni a ti ń gbọ́ irú èyí. Ẹ̀ka-èdè yìí ń dín kù lẹ́nu àwọn ọmọdé. Bí àlejò bá jókòó ti ìyá àgbà láti bèèrè rẹ̀, ọmọ-ọmọ tí ó wà nítòsí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá náà níye lórí.

Ká má purọ́, rírìn náà kò rọrùn. Òkè pọ̀, oòrùn ń mú, ọ̀kadà kì í yà fún ẹlẹ́sẹ̀, gọ́tà ni ó sì gba ibi tí ẹsẹ̀ ì bá gbà lẹ́bàá títì. Ti mọ́tò nìkan ni àwọn tí ń la títì ń rò. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù, nínú àdúgbò tí ọ̀nà ti tóóró.

Bí ó bá rìn dé Fájuyì, yóò gbọ́ tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pe orúkọ náà bí ẹni pe ibùdókọ̀ lásán. Ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966, àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ mú un ní Ìbàdàn pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba Nàìjíríà, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Kí àlejò bi bàbá kan tí ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá yóò sọ ọ́ bí Adó ti ń sọ ọ́, pé Fájuyì kọ̀ láti jẹ́ kí àlejò òun nìkan lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bi òun náà pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Níbo lo ti wá?" Yóò sì sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.