Ẹ̀jẹ̀ Ìkúnlẹ̀ àti Kókó Kékeré Abẹ́ Ọpọlọ (Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin àbúrò wa tí a jọ ń ná ọjà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò,  ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀pọ̀ yín ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ lè mú un lọ bá ọmọ àti ìyàwó ọmọ nílé. Òun la kọ síbí yìí.

Ọ̀kan nínú wa ló fà á. Ó ní kí a sọ ọ́, kí a má ṣáà ti dárúkọ òun. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọyàn rẹ̀ gbẹ. Títí ọmọ fi pé ogójì ọjọ́, ẹ̀kán omi ọyàn kan kò jáde. Nǹkan oṣù kò padà wá mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sì fún ọmọ lọ́yàn. Irun abíyá tó fá kò hù. Òtútù ń mú un nínú oòrùn ọ̀sán gangan, àwa náà sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Ó ń sùn sídìí ọjà, àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní ìyá ọkọ rẹ̀ ló gba ọyàn náà. Owó ọjà ló fi ń ra àbẹ́là àti òróró kiri ilé àdúrà, títí ọjà fi tán ní ìsọ̀. Ní ọdún keje, ibà mú un, ó ṣubú lulẹ̀ níwájú wa. Ní ọsibítù, dókítà kan bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí: “Màmá, nígbà tí ẹ bímọ kẹ́yìn, báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe dà tó?”

Ẹ gbọ́ ìdí tó fi bi í. Kókó kan wà lábẹ́ ọpọlọ, lẹ́yìn ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Pituitary ni wọ́n ń pè é. Apá ọpọlọ tó wà lókè rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, ló ń rán an níṣẹ́, bí Ìyálọ́jà ṣe ń ránṣẹ́ sí olórí aláta, olórí aláṣọ àti olórí ẹlẹ́ran. Kókó yìí á wá tú iṣẹ́ náà sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tó ń tú yẹn ni họ́mónù. Prolactin ń pe omi ọyàn. Méjì mìíràn ń bá ilé ẹyin sọ̀rọ̀, kí nǹkan oṣù lè wá. Òmíràn ń jí kókó ọrùn tó ń fún ara ní ooru. Òmíràn ń lọ bá kókó orí kíndìnrín, tó ń fún ara lágbára láti dúró bí àìsàn bá dé. Tí kókó yìí bá kú, gbogbo àwọn ìyókù á jókòó, wọn kò ní gbọ́ àṣẹ.

Nínú oyún, kókó náà máa ń tóbi sí i, nítorí ó ń múra omi ọyàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò fi agbára wá. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá dà púpọ̀ lásìkò ìkúnlẹ̀, tí ìfúnpá já wálẹ̀, ebi ẹ̀jẹ̀ á pa á. Dókítà Harold Sheehan ní ìlú Glasgow kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1937, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ ló ń ṣe o, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọyàn rẹ̀ kò tètè sun ló ní in.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ibi kan náà ni ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ti ń wá. Oxytocin ni. Hypothalamus ló ń ṣe é, ẹ̀yìn pituitary ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Tí ọmọ tuntun bá fa ọyàn, yóò tú jáde, ilé ọmọ á sún kì, á fún ojú ẹ̀jẹ̀ pa. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbé ọmọ sáyà wa kíákíá. Ní 1953, Vincent du Vigneaud ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà ṣe é láìgbà á lára ẹran, òun ló sì wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún aboyún bí ọmọ bá ti jáde. Ṣùgbọ́n inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ̀yin tó ń ta ẹja tútù, ẹ mọ ohun tí àìsí iná ń ṣe. Ẹ bi wọ́n níbi tí ẹ ti fẹ́ bímọ: níbo ni ẹ ń tọ́jú abẹ́rẹ́ yín sí? Irú kan tí ooru kì í bàjẹ́, carbetocin, ti wà. Àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2018. Ẹni tó bá sì fẹ́ gún yín ní oxytocin nínú ilé kó lè mú ìrọbí yá kí ọmọ tó jáde, ẹ sá fún un. Ó lè fa ilé ọmọ ya.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù? Ẹ wo píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan, 50cl. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó ìyẹn, ewu ti dé. Ojú ń tanni jẹ, aṣọ sì ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Nínú iṣẹ́ ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n gbé jáde ní 2023, níbi tí àwọn ọsibítù ilẹ̀ wa náà ti kópa, ọ̀rá tí wọ́n fàlà sí ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ abiyamọ láti fi wọn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewu ẹ̀jẹ̀ ńlá dín kù ní 60 nínú 100. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tètè fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó rí i. Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò kò jìnnà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Arábìnrin wa ń lo oògùn méjì báyìí, títí ayé. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ti kókó orí kíndìnrín kí wọ́n tó fún un ní ti kókó ọrùn, nítorí pé bí èkejì bá ṣáájú, ó lè dá ẹni dùbúlẹ̀. Dókítà tún kọ́ ọ bó ṣe máa fi kún ti àkọ́kọ́ bí ibà bá mú un. Ìwé rẹ̀ wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, àwa tí a múlé gbè é ní ìsọ̀ sì mọ ibi tí oògùn wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá jọ tirẹ̀, kó wá rí wa lẹ́yìn ìpàdé tó ń bọ̀. A óò bá a lọ.