Ariwo Nínú Ilé Ìkàwé

Ọ̀rọ̀ ariwo nínú ilé ìkàwé la fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó ti lé àwọn kan nínú yín kúrò níbẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé, "Ẹ dákẹ́." Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ọ́kà, ohùn ló fi ń kàwé. Ìyá kan ń kàwé báyìí ní ibì kan tí a kò ní dárúkọ, ni wọ́n bá jágbe mọ́ ọn. Ó pa ìwé dé, ó dìde, kò padà síbẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà mà ni!

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, a kì í pa ọmọ ìwé kìíní lẹ́nu mọ́ tó bá ń kàwé sókè. Augustine pàápàá, ọmọ Áfíríkà tó di bíṣọ́ọ̀bù, kọ ọ́ ní nǹkan bí 1600 ọdún sẹ́yìn pé òun rí Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, tó ń fi ojú nìkan kàwé. Ó ń ro ohun tó fà á.

Ẹ bẹ olùtọ́jú ilé ìkàwé kí ó fún yín ní fàràndà tàbí igun kan. Ẹ kà á wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀. Fóònù yín ńkọ́? Ẹ pa á, jàre.

Àbí ìyá yẹn ni ariwo? Ẹ lọ dúró ní Ọláìyá l'Óṣogbo, tàbí lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ́sà n'Íléṣà, kí ẹ gbọ́ fèrè ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀. Ibi tí atẹ́gùn bá gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ariwo ń gbà. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n yàwòrán ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, fi ògiri oníhò sí i kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí àwọn tó ń kàwé. Inú ọgbà yunifásítì nìyẹn. Ilé tó wà létí títì, bí ẹ bá ti fèrèsé rẹ̀, ooru á mú yín. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ò ní gbọ́ ara yín. Kí wọ́n to pẹpẹ ìwé sí ìhà títì, kí wọ́n gbé tábìlì sí ìhà kejì, nítorí ìwé a máa gbé ariwo mì. Kí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, kí ògiri wà láàárín. Kí wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí àga má máa han lórí sìmẹ́ńtì. Ti òjò orí páànù, bí kò bá sí sílìn, ẹ jẹ́ ká máa pàlọ́ títí yóò fi dá.

Bí wọn kò bá gbà láti fún yín ní fàràndà, ẹ sọ fún olùkọ́ yín ní kíláàsì alẹ́. A ó bá yín lọ bá wọn sọ ọ́.