Bodè Òkè: Ẹ̀tọ́ Ẹlẹ́sẹ̀, Àyè Ìgbọ́kọ̀sí àti Ọkọ̀ Tí Ọlọ́pàá Wọ́ Lọ

Mo mọ̀ pé nígbà tí àwọn kan nínú yín rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ti ń bi ara wọn pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ibi tí àwọn ará Ìlú Ọba ń gbọ́kọ̀ sí lẹ́sẹ̀ òkè wọn. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe ọlọ́pàá ojú pópó ni ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó yẹ kí ó gun òkè. Akéwì ti bèèrè rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, èsì tí ó sì fún ara rẹ̀ ṣì fara pamọ́ sínú òfin àyè ìgbọ́kọ̀sí títí di òní.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ akéwì náà, ẹ jẹ́ kí n yá ọ̀rọ̀ kan lò láti ilé. Láyé àtijọ́, ìlú Yorùbá tí ó bá mọ odi a máa ní bodè, bodè a sì máa ní oníbodè. Odi lè ga, yàrà lè jìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ìlú náà fẹ́ gbà, ẹnu bodè ni yóò lọ. Ibẹ̀ ni oníbodè ti ń wo ẹrù, tí ó ń gba owó ẹyọ, tí ó sì ń bi àlejò léèrè ibi tí ó ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé àyè ìgbọ́kọ̀sí ti di bodè òkè ní Ìlú Ọba. Òfin ti wó odi. Bodè ni ó kù, a kò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Akéwì tí mo ń sọ ni William Wordsworth. Òun, ju ẹnikẹ́ni mìíràn lọ, ni ó sọ agbègbè adágún tí ó wà ní àríwá England di ohun tí ayé ń wá wò. Yàtọ̀ sí ewì rẹ̀, ó kọ ìwé atọ́nà nípa agbègbè náà, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1810, tí ó sì ń tún ṣe títí ó fi di ẹ̀dà karùn-ún ní 1835. Nínú ìwé yẹn ó jẹ́ kí ó yé wa pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti àwọn onílẹ̀ nìkan, pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ní ìpín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1844, nígbà tí wọ́n ń gbèrò láti la ojú irin láti Kendal lọ sí ìtòsí adágún Windermere, baba yìí kan náà, tí ó ti di ẹni ọdún 74, fárígá. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ó fi ewì onílà mẹ́rìnlá tako ọ̀nà reluwé ọ̀hún. Ní oṣù kejìlá ó kọ lẹ́tà méjì sí ìwé ìròyìn Morning Post. Kókó ohun tí ó sọ ni pé ìgbádùn òkè àti omi jẹ́ ohun tí ojú ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, àti pé bí reluwé bá kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Lancashire wá lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn kò ní rí èrè kankan níbẹ̀, wọn yóò sì ba ibẹ̀ jẹ́ fún àwọn tí ó mọ iyì rẹ̀.

Àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ yìí pè é ní alágàbàgebè. N kò bá wọn lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tí ń bà á ní ìdí: ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ lè tẹ ohun tí a fẹ́ràn mọ́lẹ̀ kí ó kú. Ibi tí ó ti kọsẹ̀ ni pé nígbà tí ó rí i pé àyè kò lè gba gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò wá bí a ó ti ṣe pín àyè. Ẹni tí a ó lé sẹ́yìn ni ó wá. Reluwé náà dé Windermere ní 1847. Òkè kò wó, adágún kò sì gbẹ.

Láti ibẹ̀ ẹ jẹ́ kí a fo ọdún díẹ̀ dé 1932, kí a sì sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, sí àwọn òkè tí ó wà láàárín Manchester àti Sheffield. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester, péjọ sí Bowden Bridge ní ìtòsí ìlú kékeré tí à ń pè ní Hayfield, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n fẹ́ gun Kinder Scout, òkè tí àwọn onílẹ̀ fi pamọ́ fún yíyin ẹyẹ kan tí ó jọ àparò níbọn. Benny Rothman, ọmọ 20 ọdún, ni ó ṣíwájú wọn. Kẹ̀kẹ́ ni ó gùn dé Hayfield kí ọlọ́pàá má baà mú un ní ibùdó reluwé. Wọ́n gun òkè, wọ́n bá àwọn ẹ̀ṣọ́ onílẹ̀ wọ̀yá ìjà díẹ̀, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú orin. Márùn-ún nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n, oṣù méjì fún ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, oṣù mẹ́fà fún ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ wọn kò já sí asán. Ní 1949 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó dá àwọn ọgbà ìgbàfẹ́ ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀, agbègbè Peak tí Kinder Scout wà sì ni ó di èkíní nínú wọn ní 1951. Ní 2000 òfin mìíràn fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí òkè àti pápá gbalasa ní England àti Wales láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní 2002 Díúùkù ti Devonshire, ẹni tí baba rẹ̀ àgbà ni ilẹ̀ náà láyé ọjọ́un, wá síta ní gbangba láti tọrọ àforíjì. Odi wó nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹsẹ̀ ni òfin 2000 fún ní ẹ̀tọ́, kò fún táyà. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí ó ti sọ bí ẹsẹ̀ náà yóò ti ṣe dé ìdí òkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ 1932 ní reluwé. Ojú irin wà láti Manchester dé Hayfield gan-an, òṣìṣẹ́ tí kò ní ju ọjọ́ Àìkú lọ lè wọ̀ ọ́ lówùúrọ̀ kí ó sì padà nírọ̀lẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 wọ́n ti ojú irin náà pa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ti ọ̀pọ̀ mìíràn pa ní ìgbà náà nítorí pé owó tí wọ́n ń pa kò tó owó tí wọ́n ń ná. Ojú irin yẹn ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin lónìí, ilẹ̀ ibùdó reluwé sì ti di àyè ìgbọ́kọ̀sí. Bowden Bridge pẹ̀lú ti di àyè ìgbọ́kọ̀sí. Àmì ìrántí tí wọ́n kàn mọ́ ara àpáta níbẹ̀ ní 1982, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ènìyàn ti ń kà á. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bá ènìyàn wí pé kí ló dé tí ó gbé mọ́tò wá sí òkè, ẹ rántí pé ìjọba ni ó kọ́kọ́ gba ọkọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ra òmíràn fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìṣòro yìí ti hàn gbangba jù ni Yr Wyddfa ní ilẹ̀ Wales, òkè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon. Gíga rẹ̀ jẹ́ 1,085 mítà, kò sí òkè tí ó ga tó o ní Wales àti England. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ibojì òmìrán kan ni, Rhita, ẹni tí ń fá irùngbọ̀n àwọn ọba tí ó bá ṣẹ́gun láti fi hun aṣọ ìlékè, kí Arthur tó pa á. (Ẹ ò rí i pé oníbodè ti wà níbẹ̀ tipẹ́!) Ó ju ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn lọ tí ń gùn ún lọ́dọọdún. Ọ̀nà méjì nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀ ní Pen-y-Pass, níbi tí àyè ìgbọ́kọ̀sí kò ti gba tó ọgọ́rùn-ún ọkọ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìséde ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn aláṣẹ ọgbà náà sọ pé àwọn kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n tún ṣí òkè sílẹ̀ ní oṣù keje, ọkọ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ títì tóóró náà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, lórí ìlà tí òfin fi kọ̀ ọ́. Láti ọdún yẹn, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́kọ̀ sí Pen-y-Pass lásìkò tí èrò ń pọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì sanwó, kí ó tó kúrò nílé. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀, yóò wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Sherpa'r Wyddfa gòkè. Ẹni tí ó bá ṣorí kunkun gbé tirẹ̀ sí títì lè padà dé kí ó má bá a mọ́. Láti 2023, kí ẹni tí ọlọ́pàá bá wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tí kò kọjá ọkọ̀ kékeré lásán tó gbà á padà, yóò san 192 pọ́n-ùn, àti 26 pọ́n-ùn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ náà bá fi wà lọ́dọ̀ wọn. Owó ìtanràn ṣì wà lọ́tọ̀.

Ṣé mo lòdì sí i ni? N kò lòdì sí i. Àwọn tí ń gba ènìyàn là lórí òkè wọ̀nyí, afẹ́fẹ̀ẹ́ṣe ni wọ́n. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú tí ó dá lẹ́sẹ̀, tí ọkọ̀ wọn kò sì lè kọjá nítorí mọ́tò ẹni tí ó ń ya fọ́tò lókè, kí wọ́n wọ́ mọ́tò náà lọ kíákíá. Ẹlẹ́ran tí ń gbé àfonífojì náà pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti jáde nílé rẹ̀. Àwọn tí ń pariwo pé wíwọ́ ọkọ̀ tẹ òmìnira lójú kò tíì jókòó ti aláìsàn tí ń retí ọkọ̀.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ọkọ̀ tí ń wọ́ni lọ máa ṣáájú bọ́ọ̀sì dé. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ku ẹyọ kan, ẹni tí ó bá dí i ti di ọba lórí ọjà. Ẹ wo ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn lóru ní Manchester, tí kì í mọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí ó wọlé dé. Báwo ni yóò ṣe gba àyè sílẹ̀ ní ọjọ́ pípẹ́ ṣáájú? Bí wọ́n bá sì wọ́ ọkọ̀ rẹ̀, 192 pọ́n-ùn tí ó jẹ́ owó oúnjẹ alẹ́ kan fún agbẹjọ́rò yóò jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún òun, ohun tí yóò sì gbé e dé ibi iṣẹ́ ti lọ pẹ̀lú. Òfin kò dárúkọ rẹ̀. Òfin kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sẹ́ èrò, irú àwọn ènìyàn tí Wordsworth fẹ́ kí ó dúró sílé ni yóò tún bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá pẹ̀lú, nítorí àwọn ọmọ wa ń gbé ní àwọn ìlú ńlá wọ̀nyẹn. Ní 2019 Rhiane Fatinikun, ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí wa, dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní agbègbè Manchester, kí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú lè máa rìn lórí òkè pọ̀. Ẹni tí kò rí irú ara rẹ̀ níbi kan rí kò ní fi ìrọ̀rùn mọ òfin tí a kò kọ sára pátákó: wákàtí tí àyè ń kún, abúlé tí kò fẹ́ àlejò, títì tí ọlọ́pàá ń ṣọ́. Ẹni tí ó ti ń wá láti kékeré mọ gbogbo èyí. Ọkọ̀ àlejò ni wọ́n ń wọ́ lọ jù.

Kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn onílẹ̀ aládàáni, nítorí pé ọ̀pọ̀ àyè tí ó wà lẹ́sẹ̀ òkè jẹ́ tiwọn. Ní Scotland, ilé ẹjọ́ gíga ti dájọ́ ní 1992 pé ẹni tí ó bá fi irin de táyà ọkọ̀ ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ láti fi gbowó, olè àti alọ́nilọ́wọ́gbà ni. Ogún ọdún kọjá kí England àti Wales tó ṣe òfin tiwọn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2012: aládàáni kò gbọ́dọ̀ de ọkọ̀ tàbí kí ó wọ́ ọ lọ láìní àṣẹ òfin. Ìwé ìtanràn nìkan ni ó kù tí wọ́n lè fi síni lọ́wọ́. Lójú tèmi, ẹjọ́ Scotland ni ó mú ọgbọ́n dání jù nínú gbogbo òfin tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Pé ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀sì ṣáájú, àpẹẹrẹ wà ní Amẹ́ríkà. Ní 1968 Edward Abbey tẹ ìwé rẹ̀ Desert Solitaire jáde, ó sì dá a lábàá níbẹ̀ pé kí wọ́n lé mọ́tò kúrò nínú àwọn ọgbà ìgbàfẹ́ orílẹ̀-èdè wọn pátápátá. Àwọn ènìyàn kà á sí àwàdà oníbìínú. Ní 2000, ọgbà Zion ní Utah bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì kó èrò wọ inú àfonífojì rẹ̀, mọ́tò aládàáni kò sì gbọ́dọ̀ wọ ọ̀nà náà ní àsìkò tí bọ́ọ̀sì bá ń ṣiṣẹ́. Olówó àti tálákà ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì kan náà. Àbùkù kan wà níbẹ̀ o: ẹni tí kò ní mọ́tò ṣì ní láti wá bí yóò ti ṣe dé Zion fúnra rẹ̀.

Nípa èyí, àwọn ará Manchester sàn díẹ̀. Ojú irin Hayfield ti kú, ṣùgbọ́n èyí tí ó kọjá ní òdìkejì òkè kan náà, tí wọ́n ṣí ní 1894, kò kú. Títí di òní ènìyàn lè wọ reluwé ní Manchester kí ó sì sọ̀ ní Edale, lábẹ́ Kinder Scout, láàárín wákàtí kan. Kò ní gba àyè sílẹ̀, ọlọ́pàá kò ní ohun tí yóò wọ́. Àwọn kan ti fẹ́ pa ọ̀nà yìí náà nígbà tí wọ́n ń pa èkejì rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ mi sí ibí yìí, alága, kí àyè lè wà fún ìbéèrè.