Ṣúù ẹ̀yìnkùlé: ẹ má ṣe fi oògùn òwú sí i

 

Ọ̀rọ̀ ṣúù ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tí ó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí omi kò sì jìnnà sí i, lè gbìn ín.

Ṣúù kò fẹ́ ooru. Ní ìparí oṣù kẹwàá, ẹ gbin irúgbìn rẹ̀ sábẹ́ ibòji, kí orí rẹ̀ lè dì nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ hú u, kí ẹ tún un gbìn sórí ebè tí ẹ ti da ìgbẹ́ ẹran jíjẹrà sí. Kí igi kan jìnnà sí èkejì tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ṣúù olódòdó ni, ẹ ká ewé rẹ̀ bo orí funfun náà, kí oòrùn má baà sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú.

Ṣùgbọ́n ṣúù ní ọ̀tá. Àfòpiná kékeré kan ń yé ẹyin sábẹ́ ewé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé, a sì jẹ ewé náà lu jálajàla.

Kí ni àwọn mìíràn ń ṣe? Wọ́n a bu oògùn òwú, wọ́n a fi fín ṣúù. Ẹ̀yin ará, a kì í jẹ òwú. Ewé ṣúù ni à ń jẹ. Oògùn a wọ àárín ewé, omi kò sì lè fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ta ni yóò jẹ ẹ́? Ọmọ wa ni. Ní ọdún 1999, ní agbègbè Borgou, oògùn òwú kan tí à ń pè ní endosulfan pa ènìyàn. Àwọn kan nínú wọn kò fín oko rárá. Oúnjẹ tí oògùn ti kàn ni wọ́n jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn kì í pẹ́ mọ́ kòkòrò yìí lára, kò ní kú mọ́.

Kí ni kí a wá ṣe?

Èkíní: ní àràárọ̀, ẹ yí ewé padà, ẹ ṣa kòkòrò àti ẹyin, ẹ pa wọ́n.

Èkejì: ẹ gún kóró igi ním, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní dógóyárò. Ẹ rẹ 500 gíráàmù rẹ̀ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fín in nírọ̀lẹ́, nítorí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹta: ẹ fi àwọ̀n bo ebè ní alẹ́, kí àfòpiná má ríbi bà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ṣí i.

Ṣúù tí kòkòrò jẹ létí ṣì ṣeé jẹ. Èyí tí ó mu oògùn òwú, bí ó ti wù kí ó dán tó, ewu ni. Ẹni tí ó bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ó kà á fún aládùúgbò rẹ̀ tí kò tíì mọ̀wé.